Ṣé kí n gbé gíà 722.6 sínú V-boot mi?

Ìbéèrè láti Ìbàdàn: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mercedes 300E ni mo ń lò, V-boot ti 1990, ẹ́ńjìnì M103, gíà ọ́tò onípele mẹ́rin. Gíà náà ti ń gbá mi tó bá fẹ́ kúrò ní 2 bọ́ sí 3, bí mo bá sì dé orí Express, ariwo ẹ́ńjìnì pọ̀ jù. Mẹkáníìkì mi ní gíà ti kú, pé kí n má wulẹ̀ náwó lé e lórí. Ó ní òun á bá mi gbé gíà onípele márùn-ún ti E320, ìyẹn 722.6, sí i, pé epo á dínkù, ọkọ̀ á sì máa lọ wẹ́rẹ́. Ríwáyà tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní wáyà díẹ̀ ni, kò le. Ṣé kí n gbà fún wọn?"

* * *

Ẹ má tíì gbà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, mi ò rí ibì kan tó fi hàn pé gíà yín ti kú. Gíà tó kú máa ń yọ̀ ni: ẹ tẹ epo, ẹ́ńjìnì á ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Ọ́ìlì rẹ̀ á ti dúdú, òórùn jíjóná á máa jáde lára rẹ̀. Èyí tó bá gbá yín, tó sì gbé yín lọ geere lẹ́yìn náà, agbára ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń pọ̀ jù lásìkò tó ń yí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìta gíà lohun tó ń fa ìyẹn wà.

722.3 ni gíà inú 300E yín. Kò ní bíréènì kankan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó yí: governor tó ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí, kéébù tó ti ibi tí ẹ ti ń tẹ epo wá, àti modulator. Modulator yìí, àgbá irin kékeré kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ló fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ẹ́ńjìnì tàbí kò pọ̀. Páìpù tín-ín-rín ló so ó pọ̀ mọ́ intake, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, rọ́bà ló sì wà lórí páìpù náà lọ́tùn-ún lósì. Rọ́bà ti 1990 ni o. Tó bá là, modulator á rò pé ẹ ti tẹ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, á sì máa ti gíà pẹ̀lú gbogbo agbára, kódà nígbà tí ẹ rọra ń lọ ní àdúgbò.

Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, ẹ gbé e lé stand, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ fa orí rọ́bà yẹn kúrò lẹ́nu modulator kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì pupa nínú rọ́bà, awọ inú modulator ti ya, ẹ́ńjìnì sì ti ń fa ọ́ìlì gíà mu. Èéfín funfun tó máa ń jáde nídìí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí wọ́n ní ẹ́ńjìnì ti gbó. Bí rọ́bà bá gbẹ tó sì ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó kékeré ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo kéébù, bóyá ó ti le jù tàbí ó ti dẹ̀. Ọ́ìlì náà: ọkọ̀ á ti rìn títí yóò fi gbóná dáadáa, sẹlẹ́kítọ̀ á wà ní P, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́, aṣọ tí kì í bu òwú lẹ máa fi nu ọ̀pá tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Òwú kékeré tó bá bọ́ sínú gíà yìí lè há sẹ́nu fáàfù.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lo irú ọkọ̀ yìí mọ̀: gíà 2 ni 722.3 fi ń gbéra. Gíà 1 kì í wọlé àfi tí ẹ bá tẹ epo wọlẹ̀ gan-an. Mo mọ ẹni tí wọ́n tú gíà rẹ̀ palẹ̀ nítorí pé "gíà 1 ò ṣiṣẹ́". Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n ṣe ṣe é láti Jámánì nìyẹn.

* * *

Kí n tó dé orí gíà tuntun, ẹ jẹ́ n kó ohun tí àwọn èèyàn ti sọ jọ, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń jà lé ọ̀rọ̀ yìí lórí.

Àwọn kan ní ká fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, irin gidi ni, kò sí wáyà tí ríwáyà á bàjẹ́ nínú rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ibì kan. 722.3 tí wọ́n tún ṣe dáadáa máa ń pẹ́. Àmọ́ wọ́n máa ń gbójú fo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, torque converter rẹ̀, àgbá tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnì wọ inú gíà, kì í dì. Ọ́ìlì nìkan ló wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà nígbà gbogbo, agbára díẹ̀ á sì máa ṣòfò, á di ooru. Èkejì, gíà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ 1.00: bí ẹ́ńjìnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, pùrọ̀pẹ́là náà á yí lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ibòmíì tí ẹ́ńjìnì lè sinmi sí lórí ìrìn àjò jíjìn.

Àwọn kejì ní kí èèyàn gbé mánúà sí i, kó parí. Mánúà dáa, ṣùgbọ́n òun kọ́ lẹni yìí béèrè, ẹni tó sì ń wọ inú gó-sìló Èkó lójoojúmọ́ mọ ìdí tóun fi fẹ́ ọ́tò.

Àwọn kẹta ni mo fẹ́ bá jiyàn. Wọ́n ní onípele márùn-ún á dín epo kù gan-an, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹni tí kò bá pààrọ̀ gíà ń fi owó ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 195/65 R15 máa ń rin nǹkan bíi mítà 1.95 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí díìfù yín bá jẹ́ 3.07, tí ẹ sì ń sá 120 lórí Express Èkó sí Ìbàdàn, gíà 4 á mú kí ẹ́ńjìnì máa yí ní nǹkan bíi 3,150 ní ìṣẹ́jú kan. Gíà 5 inú 722.6 jẹ́ 0.83, nítorí náà ẹ́ńjìnì á sọ̀kalẹ̀ sí bíi 2,600. Torque converter rẹ̀ náà sì máa ń dì. Ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn létí yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ara á tù yín, ẹ́ńjìnì á ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí yíyí ẹ́ńjìnì bá fi ìpín 17 nínú 100 dínkù, epo kò ní torí ẹ̀ fi ìpín 17 dínkù. Atẹ́gùn tí ọkọ̀ ń là kọjá ṣì wà níbẹ̀, ọkọ̀ kò fúyẹ́ sí i. Epo tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ kéré sí ìyẹn, orí ìrìn àjò jíjìn nìkan lẹ sì ti máa rí i. Ní Ìwó Road tàbí Ọjọ́ta ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gíà 5 kì í tiẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń fi V-boot rẹ̀ lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìlú, tó fẹ́ náwó gíà tuntun nítorí epo, owó yẹn kò ní padà sí i lọ́wọ́ láéláé. Kó fi tún KE-Jetronic rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnì ní epo, ibẹ̀ ni epo rẹ̀ ń gbà lọ.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé irú gíà wo gan-an ni 722.6 yìí, ṣé òun kan náà ni èyí tó wà nínú S320 tí gbogbo ayé ń sá fún?

Rárá o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n ń sá fún ni 722.5. Gíà onípele mẹ́rin àtijọ́ ni wọ́n mú, wọ́n wá fi ìpele karùn-ún tí iná ń darí kún un. Ó wà nínú àwọn kan lára 300E-24, 300SL-24 àti S320. Ìpele karùn-ún yẹn máa ń ṣàárẹ̀, ẹni tó sì lè tún un ṣe kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé 722.5 wá fún yín pé ó máa wọlé láìsí wàhálà nítorí wáyà rẹ̀ kò pọ̀, ẹ dá a padà.

722.6 yàtọ̀ látilẹ̀. Ọdún 1996 ló gbòde nínú àwọn Mercedes tí wọ́n ń pè ní W140 (S-Class), W210 (E-Class) àti R129 (SL). Bíréènì ló ń darí gbogbo rẹ̀. Gíà márùn-ún síwájú, méjì sẹ́yìn. Ẹ máa rí W5A330 àti W5A580 nínú ìwé: nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn ni agbára tó lè gbà, 330 Nm tàbí 580 Nm. M103 onílítà 3.0 yín kò ju nǹkan bíi 260 Nm lọ, torí náà kékeré yẹn tó yín. Gíà yìí dára débi pé Jaguar fi sínú XJR, Chrysler fi sínú 300C, Jeep fi sínú Grand Cherokee.

Ibi tó wá dùn mọ́ ẹni tó ní V-boot nìyí: M103 àti M104, ẹ́ńjìnì tó tẹ̀ lé e, ní ojú bóòtù kan náà lẹ́yìn. E320 W210 ti 1997 tó wá láti Amẹ́ríkà, M104 ló wà nínú rẹ̀, 722.6 ló sì wà lẹ́yìn M104 náà. Ọkọ̀ yẹn lẹ máa wá. Láti 1998 wọ́n ti yí ẹ́ńjìnì E320 padà sí V6, agogo gíà rẹ̀, ilé irin tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, kò sì ní bá tiyín mu. Ara ọkọ̀ méjèèjì jọra, orúkọ ẹ̀yìn bútù kan náà ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí àwọn èèyàn rẹ́ jẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti já gíà kúrò lára rẹ̀ hàn yín. Bí wọ́n bá ti tà á, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin gíà, lókè ibi tí páànù ọ́ìlì ti wọlé.

* * *

"Ọ̀gá, ọmọ kan ní Ládípọ̀ ń ta gíà Grand Cherokee ní ìdajì owó. Ṣebí ẹ ní ọ̀kan náà ni?"

Inú wọn jọra, àbúrò, ìta wọn kò jọra. Agogo tó so gíà mọ́ ẹ́ńjìnì yàtọ̀, torque converter yàtọ̀, ìrù ibi tí pùrọ̀pẹ́là ń wọ̀ yàtọ̀. Òótọ́ ni pé agogo 722.6 ṣeé tú kúrò, èèyàn sì lè wá ti M104 so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ra agogo lọ́tọ̀, torque converter lọ́tọ̀, flexplate (awo irin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ torque converter) lọ́tọ̀, owó yẹn á ti kọjá ti E320. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lára ọkọ̀ kan ṣoṣo: gíà, agogo, torque converter, flexplate, bóòtù wọn, sẹlẹ́kítọ̀, àti wáyà gíà látorí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dé ìdí bíréènì. Kí wọ́n gé wáyà náà jìnnà, kì í ṣe lẹ́nu púlọ́ọ̀gì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Flexplate yẹn ní ohun tó ń fìyà jẹ èèyàn. Sẹ́ńsọ̀ tí M103 fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó tanná ń ka àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà ní etí flexplate bó ṣe ń yí. Ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi bóòtù méjì dì wọ́n mú ní ipò kan náà, kẹ́ ẹ wo bóyá irin náà bá ara wọn mu ní iye, ní gígùn, ní ibi tí wọ́n wà. Bí wọn ò bá mu, ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ kò ní taná mọ́ nírọ̀lẹ́, ríwáyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì láìnídìí.

* * *

Ó yá, bíréènì. Ibí ni ìjà wà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń kú.

Ríwáyà tó bá ní wáyà díẹ̀ ni, kò tíì ṣe é rí. Solenoid mẹ́fà, fáàfù tí iná ń ṣí tó sì ń tì, ló wà nínú 722.6. Mẹ́ta ń yí gíà, ọ̀kan ń di torque converter, méjì ń darí agbára ọ́ìlì. Àwọn méjì yẹn ni ọkàn gíà. Gbogbo ìgbà tí gíà bá fẹ́ yí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwọ̀n agbára tó bá bí ẹ ṣe tẹ epo àti bí ọ́ìlì ṣe gbóná mu, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Mo ti rí ibi tí wọ́n fi bọ́tìnì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi ń taná sí solenoid tààrà: tẹ èyí fún gíà 2, tẹ èyí fún 3. Ọkọ̀ náà rìn. Ó rìn dáadáa ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún olówó rẹ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí gíà 3 fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí páànù, fíbà tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ara pẹlẹbẹ clutch ti dà sílẹ̀ sínú ọ́ìlì bí èédú tí wọ́n lọ̀. Kò sí ẹni tó ń darí agbára ọ́ìlì, ìyẹn ló pa á. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbí gba bọ́tìnì.

Ohun tí ẹ nílò ni bíréènì tó dá dúró, tí kò béèrè pé kí ẹ́ńjìnì bá òun sọ̀rọ̀ lórí CAN, wáyà tí àwọn bíréènì ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó wà níta. PCS wà ní Amẹ́ríkà, OFGear wà ní Finland, Ultimate-NAG52 sì wà tí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lè kà kóòdù rẹ̀ fúnra rẹ̀ torí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bíréènì ọkọ̀ E320 náà kò ní ṣiṣẹ́ nínú V-boot yín fúnra rẹ̀. Ó ń retí ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì àti ABS. Bí kò bá gbọ́ wọn, á há gíà mọ́ 2 àti ríífásì, ẹ ò ní kúrò níbẹ̀.

Bíréènì tó dá dúró náà ní ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, ẹ sì lè gba ìyẹn láti ara àmì TD tó ń lọ sí aago RPM. Ó fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín wà lórí epo, ibẹ̀ sì ni M103 ti yàtọ̀. KE-Jetronic kò ní TPS, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí throttle ṣe ṣí tó, tó ń sọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Suwíìṣì tó mọ ìdúró lásán àti ìtẹ̀wọlẹ̀ nìkan ló ní. Ẹ máa ní láti fi TPS kan sórí throttle, kí ó sì máa yí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láìjó. Bí TPS náà bá ń mì, gíà á máa ṣiyèméjì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, á bọ́ sí 4, á padà sí 3, á tún bọ́ sí 4.

Sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń ka bí inú gíà ṣe ń yí wà nínú gíà fúnra rẹ̀, n2 àti n3. Ohun tí n3 ń kà kì í yí ní gíà 1 àti 5. Nítorí náà àwọn bíréènì kan á tún béèrè sẹ́ńsọ̀ kan sí i lẹ́yìn, lára pùrọ̀pẹ́là tàbí díìfù, kí wọ́n lè mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré gan-an. Ẹ ka ìwé bíréènì tí ẹ bá rà kẹ́ ẹ tó ti gíà wọlé, nítorí ó rọrùn láti fi sẹ́ńsọ̀ sí i nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì wà nílẹ̀.

* * *

Arákùnrin wa kan ní Peckham, London, kọ̀wé pé Jaguar XJ-S V12 lòun ní, ti àwọn ọdún 1980, gíà mẹ́ta péré. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan òun, àbí Benz nìkan la mọ̀?

Ó kàn yín gan-an, kódà tiyín ló ní ẹ̀rí tó dára jù. Láti 1977 ni Jaguar ti ń fi TH400 ti General Motors sẹ́yìn V12 náà. Ìpele rẹ̀ ni 2.48, 1.48 àti 1.00. Nígbà tó di 1993 tí wọ́n mú V12 onílítà 6.0 jáde, 4L80-E ni wọ́n fi sí i: 2.48, 1.48, 1.00, wọ́n wá fi 0.75 kún un. TH400 náà ni wọ́n tún ṣe, wọ́n fún un ní ìpele kẹrin àti iná. Rolls-Royce náà ṣe irú ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi TH400 sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí 4L80-E nínú ọ̀wọ́ Silver Spirit. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹ fẹ́ ba ọkọ̀ gidi jẹ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ó gùn ju TH400 lọ o, ẹ wọn abẹ́ ọkọ̀ dáadáa. Òun náà nílò bíréènì àti TPS.

Ẹni tó dá a lóhùn láti Houston ní kó lo 700R4, gíà General Motors míì, nítorí òun kò nílò bíréènì, kéébù nìkan ló fẹ́. Mo gbọ́, mo sì mọ̀ pé ó ti ṣe é sí XJ6 tirẹ̀, ó sì ń gbádùn ẹ̀. Àmọ́ kéébù TV ti 700R4 kì í ṣe kéébù tí èèyàn kàn ń so. Òun ló ń darí agbára ọ́ìlì inú gíà yẹn. Bí ó bá dẹ̀ díẹ̀, gíà á máa yí jẹ́jẹ́, á dùn mọ́ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jó ara rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Lẹ́yìn V12, mi ò ní gbà kó lo 700R4. Ti onísílíńdà mẹ́fà, bí ìwọ̀n kéébù bá péye, mo gbà fún un.

* * *

Àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbójú fò, kí n tètè sọ wọ́n.

Púlọ́ọ̀gì olójú 13 tó wọ ara 722.6: rọ́bà inú rẹ̀ máa ń jò, ọ́ìlì á sì máa gba inú wáyà gòkè lọ bá bíréènì. Kò wọ́n. Ẹ fi tuntun sí i nígbà tí gíà ṣì wà nílẹ̀.

Ọ́ìlì: Dexron tí ẹ ń lò sínú 722.3 kọ́. 722.6 fẹ́ èyí tí Mercedes fọwọ́ sí, 236.10 látijọ́, 236.14 lóde òní. Kò sí ọ̀pá ìwọ̀n nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ihò nìkan ló wà, ẹ máa ra ọ̀pá lọ́tọ̀.

Rediétọ̀: ọ́ìlì gíà ń gba inú rediétọ̀ kọjá láti tutù. Rediétọ̀ ọgbọ̀n ọdún tó bá jẹrà nínú á jẹ́ kí omi àti coolant wọ inú ọ́ìlì, fíbà clutch á sì bọ́. Ẹ ra cooler lọ́tọ̀ síwájú rediétọ̀, kẹ́ ẹ fọ páìpù rẹ̀ tinútòde.

Aago ìsáré: nínú ọ̀pọ̀ V-boot, kéébù láti ìdí gíà ló ń yí i. 722.6 kò ní ibi tí kéébù yẹn máa wọ̀. Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe sí i ṣáájú. Ọkọ̀ tí aago rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò tíì parí, ohun yòówù kí mẹkáníìkì sọ.

Sẹlẹ́kítọ̀: lára gíà fúnra rẹ̀, P, R, N, D nìkan ni irin ń tì. 4, 3, 2, 1 jẹ́ ti iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ́ńjìnì má taná nígbà tí gíà wà ní D: suwíìṣì ẹ̀gbẹ́ 722.3 tó ń ṣe ìyẹn, tó sì ń tan iná ríífásì, kò sí lára 722.6. Inú rẹ̀ ni tiẹ̀ wà. Kí ríwáyà so ó kó tó gba owó. Ọkọ̀ tó lè taná tó sì fò síwájú nígbà tí ọmọdé wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Pùrọ̀pẹ́là: wọ́n máa gé e tàbí kí wọ́n fa á gùn, crossmember, irin tó gbé gíà dúró lábẹ́ ọkọ̀, náà máa yípadà. Ẹ gbé pùrọ̀pẹ́là lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó fi ń wo bó ṣe ń yí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa jó o tán tó sì máa fojú wò ó. Bó bá wọ́ díẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní 90 sókè, ẹ sì máa rò pé gíà ni.

* * *

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lórí onípele méje? 722.9 ló pọ̀ ní ọjà báyìí, òun ló sì tuntun jù."

Nítorí bíréènì rẹ̀ wà nínú gíà, inú ọ́ìlì, a sì ti so ó mọ́ ètò kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Ti 722.6 wà níta, ìyẹn ló jẹ́ ká lè gbé bíréènì míì sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju eéje lọ. Ẹni tó bá ti so 722.9 mọ́ M103 tó sì ń wà á lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó wá sọ fún wa bó ṣe ṣe é, màá kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Títí di ìgbà yẹn, rárá ni ìdáhùn mi.

* * *

Ará Ìbàdàn wa ti padà dé: "Ọ̀gá, mo fa rọ́bà náà. Ọ́ìlì pupa wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mo ti ra modulator àti rọ́bà tuntun, gíà ò gbá mi mọ́. Mẹkáníìkì mi ń bínú. Ṣùgbọ́n Èkó ni mò ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí òwò, ariwo yẹn ṣì wà. Mo ṣì fẹ́ 722.6."

Ẹ kú oríire. Ẹ wò ó, gíà tí wọ́n ní ó ti kú ló ń gbé yín lọ. Bó bá ṣì ń le díẹ̀, modulator náà ṣeé tún ṣe: ẹ yọ ìdérí ìdí rẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wà á wò kẹ́ ẹ tó tún yí i.

Ti 722.6, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ẹ ti ní gíà tó ń ṣiṣẹ́, ìrìn yín jìnnà, ariwo ló ń dà yín láàmú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ yìí yẹ fún. Ẹ̀ ń fi ọkọ̀ yín lọ síbi iṣẹ́ bí ẹ ṣe ń kó ẹrù jọ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìkánjú mú yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù nílé mẹkáníìkì ni, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá lẹ máa gbà.

Ètò tí mo máa tẹ̀ lé nìyí. Bíréènì ló kọ́kọ́ máa dé, kí gíà tó dé. Ẹ so ó mọ́ ẹ́ńjìnì yín nígbà tí 722.3 ṣì wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá ó ń ka RPM àti TPS dáadáa lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, nígbà tí ọkọ̀ dúró àti nígbà tó ń rìn. Ó máa ṣeé ṣe, torí kò tíì darí nǹkan kan. Bí àmì méjèèjì bá mọ́ tónítóní lójú títì, ẹ lọ ra gíà. Bí wọ́n bá ń fò sókè sódò, ẹ tún un ṣe ní báyìí tí ọkọ̀ ṣì ń rìn.

Gíà náà, ẹ rà á lára ọkọ̀ tó ṣì ń taná bí ẹ bá rí irú ẹ̀. Kí wọ́n fi gbogbo ìpele rẹ̀ hàn yín, síwájú àti sẹ́yìn, kí wọ́n tó já a. Ẹ tú ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Pupa ni wọ́n máa ń sọ pé ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án: bí ẹ bá rí erùpẹ̀ irin lábẹ́ páànù tó pọ̀ ju èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì lè mú lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ má wulẹ̀ ná an.

Ohun ìkẹyìn, 722.3 yín, agogo rẹ̀, torque converter, flexplate, pùrọ̀pẹ́là àti crossmember, kí gbogbo wọn padà sílé yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ wọ́n. Ilé yín ni o, kì í ṣe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì á ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún òun kó fi dín owó iṣẹ́ kù. Ẹ san owó náà tán, kẹ́ ẹ gbé ẹrù yín.

Bí bíréènì bá dé, ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ fẹ́ fi TPS sí lórí throttle kẹ́ ẹ gbé e síbí. A jọ máa wo ọ̀pá àti irin tó máa dì í mú kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò sára nǹkan.